Ọ̀nà Oko Tí Ẹ Gbá Mọ́ Fún Àlejò

Fúnmiláyọ̀, Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn ara mi pọ̀n,

Tísà ilé kejì ni ó ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ní kí ó kọ ohun gbogbo bí mo bá ṣe sọ ọ́, ó sì gbà, àfi pé níbi tí mo bá ti pe "usu", iṣu ni ó ń kọ. Kò burú. Ó ní àlàáfíà ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, pé kí n sọ pé ara mi le. Ara mi kò le. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí, oorun mi kò sì gún mọ́ láti ìgbà tí a ti sin Ìyá Ìjan. Ṣùgbọ́n mo ń jẹun, mo sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tó bẹ́ẹ̀.

A gbọ́ pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe olórí lórí gbogbo ọ̀nà tí ìjọba ń là fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́, àti pé èyí tí yóò gba ìhà Ìyìn lọ ni wàá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Mo dúpẹ́. Mo dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn ìyá, mo jó díẹ̀, orúnkún ní kí n jókòó. O ní kí n fi àdúrà ránṣẹ́ sí ọ. Àdúrà ti lọ sọ́dọ̀ Ẹni tí ó ń gbà á. Ìmọ̀ràn ni ti inú ìwé yìí.

N kò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù. Lórí fóònù, bí mo bá dé ìdajì ọ̀rọ̀, ìwọ a ní, "Màmá, ẹ dúró ná, ẹnì kan ń pè mí." Ìwé kò ní ẹlòmíràn tí ó ń pè é.

Ọ̀rọ̀ ikú Ìyá Ìjan ni. Ohun kan wà níbẹ̀ tí o kò mọ̀. Táyọ̀ ọmọ rẹ̀ náà kò mọ̀ ọ́n, àìmọ̀ yìí ló sì ń mú un sọ ohun tí kò yẹ nípa ìyá rẹ̀ káàkiri àdúgbò. N óò dé ibẹ̀. Jẹ́ kí n tò ó bí ó ṣe wà nínú mi.

Èkíní, ọ̀nà kì í ṣe ti ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ, bàbá àgbà rẹ wo ọ̀nà tí ó gba ẹ̀gbẹ́ oko rẹ̀ kọjá, ó ní ilẹ̀ yìí ń ṣòfò, ó bá kọ ebè lé e lórí. Èmi ni mo ń yìn ín. Mo ní, "Ọkọ mi, ilẹ̀ kì í ṣòfò lọ́wọ́ rẹ." Ẹnikẹ́ni kò bá wa jà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo àwọn tí ń lọ sóko yà gba iwájú ilé wa, láàárín ẹnu ọ̀nà àti ààrò mi. "Ẹ kú ojúmọ́ o, ìyàwó! Usu ọ̀ún ti jinná bí?" Wọn a yọjú wo inú ìkòkò. Ìyàwó kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ láti Ìjan wà nínú wọn. Òun kọjá lọ, ó padà, ó tún kọjá. Ó ní òun gbàgbé àdá. Kò gbàgbé nǹkan kan. Kò pẹ́ tí bàbá àgbà rẹ fi gbé ọkọ́, tí ó lọ tú ebè náà ká fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni èmi àti Ìyá Ìjan ti di ọ̀rẹ́, títí di ìgbà tí mo fi ọwọ́ ara mi bo ojú rẹ̀.

Nítorí náà, bí o bá dí ọ̀nà, má rò pé ẹsẹ̀ yóò dúró sílé. Yóò wá ibòmíràn gbà. Ìwọ tí o dí i ni kí o kọ́kọ́ mọ ibi tí yóò gbà.

Èkejì. N kò kórìíra àlejò. Ìwọ náà má kórìíra wọn nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ. Nígbà tí ìwọ àti àwọn ará ọ́fíìsì rẹ kọ́kọ́ wá wo ọ̀nà oko wa tí ó gba abẹ́ àpáta, ta ni ó mú yín lọ? Èmi àti Ìyá Ìjan ni. Òun ni ó ń fi àdá ṣán igbó níwájú fún yín. O ní, "Ìyá Ìjan, àwọn èèyàn á máa ti Èkó wá rìn níbí o." Ó dúró, ó yíjú wò ọ́.

"Wọ́n ní oko níbí ni?"

O ní rárá.

"Àbí wọ́n fẹ́ ṣẹ́gi?"

O ní rárá, wọ́n kàn fẹ́ rìn ni.

Ó ní, "Ó dáa náà. Ẹsẹ̀ wọn ni." Ẹ̀rín pa wá dé ulé lọ́jọ́ náà. (Tísà, fi ulé sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n.)

Wọ́n sì wá lóòótọ́. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sójú ọ̀nà, ẹ kun etí rẹ̀ ní ọ̀dà funfun, ẹ gbé bẹ́ǹṣì kalẹ̀, ẹ ri pátákó tí a ya kẹ̀kẹ́ sí. Ní Sátidé, wọn a dé akoto, wọn a gun kẹ̀kẹ́, wọn a máa mí hẹlẹhẹlẹ gun òkè tí àwa ń gùn tòun ti ẹrù lórí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo ń tà létí ibẹ̀, wọ́n ń rà á, n kò ní purọ́. Ìyá Ìjan a máa pariwo lé wọn bí ẹni pé òun ló bí wọn: "Ẹ rọra o, ibẹ̀ yẹn ń yọ̀!"

Bẹ́ǹṣì yín nìkan ni kò bá wa mu. Ó ti rẹlẹ̀ jù. Ẹni tí ó bá sọ igi kalẹ̀ sórí rẹ̀, ta ni yóò gbé e rù ú padà? Òkúta kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí ó ga tó àyà. Orí rẹ̀ la ti ń sọ ẹrù, a ó sinmi, a ó sì ti orí bọ abẹ́ ẹrù, a ó gbé e lọ láìbẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ lè kọlù ú, wọ́n bá yọ ọ́. Lọ́jọ́ kan alákoto kan rí Ìyá Ìjan lórí bẹ́ǹṣì, ó ní òun á ràn án lọ́wọ́. Ó gbé igi náà dé orúnkún, ó sọ̀ ọ́ sílẹ̀ gbì. "Màmá, kí ló wà nínú ẹ̀?" Ó dá a lóhùn pé, "Oúnjẹ alẹ́ ni, ọmọ mi."

Òmíràn fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Ìyá Ìjan fẹ́ sọ igi kalẹ̀, kí ó tún gèlè rẹ̀ wé, ọkùnrin náà ní kí ó má sọ̀ ọ́, pé bí ó ṣe wà yẹn ló dára. Ó dúró. Ọkùnrin náà ń sún síwájú, ó ń sún sẹ́yìn, ó ń wá ibi tí oòrùn gbé wà, ọrùn obìnrin náà sì ń gbọ̀n. Èmi ni mo ní kí ó tó. Nígbà tí a délé, mo bá a fi òrí ra ọrùn. Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń san án. Síbẹ̀ òun kò bínú. Ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n wá. Ibi tí èèyàn kì í dé, igbó ló máa ń gbà á."

Mo sọ èyí kí o lè mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀tá ọ̀nà yín ni ọ̀nà yín pa.

Ẹ̀kẹta. Tísà ní ibí ni kí n ti rọra. N kò mọ bí a ṣe ń rọra sọ ọ́.

Ìwọ náà mọ oríta tí ó wà lókè níbẹ̀. Apá òsì lọ sóko, apá ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀ sí títì. Láti ìgbà tí èmi àti Ìyá Ìjan ti jẹ́ ìyàwó, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé oríta a já ewé tútù kan, a fi sí apá òsì, a gbé òkúta kékeré lé e. Ìyẹn ni pé, mo ti kọjá, máa bọ̀. Ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn a rí i, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀. Nígbà tí a di àgbà, a fi òfin kan kún un: bí o bá dé oríta tí o kò rí ewé, má lọ sóko. Padà wá mi. Ó lè jẹ́ pé mo ti ṣubú nínú ilé, tí kò sí ẹni tí ó gbọ́. Fóònù kì í ṣiṣẹ́ lábẹ́ àpáta yẹn, ìwọ náà ti dán an wò. Ewé ni fóònù wa.

Nígbà tí àwọn agbálẹ̀ yín dé, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù. Ní àkọ́kọ́ a bá ara wa jà. Ó dé oko, ó ń mí, ó ti délé lọ wò mí kí ó tó padà, ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, o kò fi ewé sílẹ̀!" Mo ní mo fi sílẹ̀. Ó ní n kò fi sílẹ̀, pé ọpọlọ mi ti di ẹ̀kọ gbígbóná. A kò bá ara wa sọ̀rọ̀ títí a fi kọ gbogbo ebè tán. Lẹ́yìn náà ni mo dúró ti obìnrin tí ń gbá ibẹ̀, mo sì rí i tí ó gbá ewé mi mọ́ ìdọ̀tí. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé mi. Ọ̀gá ní òun kò fẹ́ rí ewé kan lójú ọ̀nà yìí kí àlejò tó dé." Mo bi í pé ta ni ọ̀gá. Ó dárúkọ rẹ.

Inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀. Mo ní, àṣé ọmọ mi ni. N kò sọ ọ́ fún Ìyá Ìjan, kí ó má bàa bínú sí ọ. Mo ní bí o bá wá, n óò sọ fún ọ. O wá, o ń kánjú, mo sì gbàgbé nítorí pé mo ń wá iṣu tí n óò dì fún ọ.

Ní Sátidé kan lásìkò òjò, èmi ni mo kọ́kọ́ jáde. Mo dé oríta, mo já ewé, mo gbé òkúta lé e, òkúta tí ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo lọ. Agbálẹ̀ dé lẹ́yìn mi. Ìyá Ìjan dé lẹ́yìn agbálẹ̀. Kò rí ewé. Ó ṣe ohun tí a jọ fi ṣòfin: ó yíjú padà láti wá mi wá sílé. Ṣùgbọ́n oníkẹ̀kẹ́ ti ń gòkè bọ̀ nígbà náà, àṣẹ tuntun sì ti ọ́fíìsì rẹ wá pé ní Sátidé, bí wọ́n bá ti dé, ará oko kò gbọdọ̀ sí lójú ọ̀nà mọ́ títí wọn yóò fi lọ. Ọlọ́dẹ tí ẹ fi ṣọ́ ibẹ̀ ló sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun sọ fún un pé, "Màmá, ẹ má bínú, ẹ gba títì." Ìyá Ìjan ní, "Ọ̀rẹ́ mi ni mò ń wá. Kò tíì kọjá." Òun ní, "Títì náà dé ilé, Màmá."

Agbọ̀n òfìfo ni ó rù. Ó gba títì. Ọ̀kadà kan tí ó ń sá fún kòtò ni ó kọlù ú.

Èmi wà lóko. Mò ń tu koríko, mo sì ń bú u. Mo ní ọ̀lẹ obìnrin, oorun ló ń sùn.

Kò kú lójú ẹsẹ̀. Mo bá a ní ọsibítù. Ó la ojú, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "O kò ṣubú?" Mo ní n kò ṣubú, oko ni mo wà. Ó ní, "N kò rí ewé." Mo ní mo fi ewé sílẹ̀. Mo tún un sọ. Ó di ọwọ́ mi mú, ó rẹ́rìn-ín sí mi bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọdé, ó ní, "Má dààmú. Àwa méjèèjì ti darúgbó." Ó kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé mo gbàgbé òun.

Tísà ti gbé bírò sílẹ̀. Mo ní kí ó gbé e.

Abújá ni o wà nígbà náà, níbi ẹ̀kọ́ tí wọ́n rán ọ lọ. Nígbà tí o gbọ́, o sunkún lórí fóònù, o ní, "Àwọn ọlọ́kadà wọ̀nyí! Ìjọba gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan sí ọ̀rọ̀ wọn." Ìwọ kọ́ ni o pa á. Mo fẹ́ kí ó wà nínú ìwé pé mo sọ bẹ́ẹ̀. A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. O gún iyán náà dáadáa. Ojú ọ̀nà mọ́, àlejò ń yìn ọ́, wọ́n ti torí rẹ̀ gbé ọ ga. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní ń bá. Obìnrin tí ó máa ń fi ẹ̀fọ́ sínú àpò ìwé rẹ ni òkò rẹ bá.

Wàyí o, ọ̀nà Ìyìn. Mo gbọ́ pé ẹ ń jiyàn ní ọ́fíìsì pé ṣé ti ará ìlú ni àbí ti àlejò. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé ti ẹni tí yóò tún gba ibẹ̀ lọ́la ni. Àlejò á wá, yóò rìn, inú rẹ̀ á dùn, á sì lọ. Ó dára, kí ó máa bọ̀. Bí ọ̀nà náà bá bàjẹ́ fún un, yóò wá òkè mìíràn gùn ní ibòmíràn. Ẹni tí oko rẹ̀ wà níbẹ̀ kò ní oko mìíràn. Òun ni kí o kọ́kọ́ bi léèrè. Kì í ṣe pé kí o pè wọ́n jọ sábẹ́ àgọ́, kí o bá wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Bá wọn rìn. Ní àárọ̀ ni kí o lọ, nígbà tí wọ́n ń lọ, kí o sì ru nǹkan. Orí á sọ fún ọ ohun tí etí kò gbọ́.

Má ti ọ̀nà náà mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ kankan, ìbáà jẹ́ gómìnà ló ń bọ̀ wá gun kẹ̀kẹ́. Bí kò bá gba kẹ̀kẹ́ àti ẹrù pọ̀, ẹ mú un fẹ̀. Bí kò bá ṣeé mú fẹ̀, kẹ̀kẹ́ ni kí ó sọ̀ kalẹ̀ kí ẹlẹ́rù kọjá, nítorí ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ lè fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀, ẹni tí ó ru ẹrù kò lè fi ọrùn kanlẹ̀.

Ohun tí o bá bá nílẹ̀ lójú ọ̀nà, bi ẹni tí ó fi í síbẹ̀ kí o tó kó o. Bí o kò bá rí ẹni bi, fi í sílẹ̀ títí yóò fi wá.

Àti pé nígbà tí àgbàlagbà bá ń wá okùn tí yóò fi di iṣu fún ọ, tí ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan, jókòó. Pa ọkọ̀ rẹ. Ìyẹn kan èmi náà. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí n sọ kí n tó wá okùn iṣu, mo fi iṣu ṣáájú rẹ̀.

Ó ku Táyọ̀.

Ní gbogbo ìgbà tí ó bá rí mi, ó ń bi mí pé kí ni ìyá òun ń wá lójú títì nígbà tí oko rẹ̀ wà lábẹ́ àpáta. N kò tíì dá a lóhùn. Ó ti wá dá ara rẹ̀ lóhùn. Ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọpọlọ ìyá òun ti dàrú kí ó tó kú, pé kò mọ ọ̀nà mọ́, pé ó yẹ kí òun ti mú un kúrò lóko. Ó sọ ọ́ lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ìyàwó ilé ti ń mi orí bí wọ́n bá dárúkọ Ìyá Ìjan. Fúnmiláyọ̀, kò sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tó ti obìnrin yẹn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ó mọ ibi tí ó ń lọ. Ó mọ ẹni tí ó ń wá.

N kò lè sọ ọ́ fún Táyọ̀ láìdárúkọ rẹ. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ nínú ara mi, kò ṣeé ṣe. Bí mo bá yọ orúkọ rẹ, ọ̀rọ̀ náà a di irọ́, a sì tún fi í lé orí ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Nítorí náà mo ti sọ fún un pé o ń bọ̀ ní Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn. N kò sọ ohun tí o ń bọ̀ wá ṣe. Ó rò pé ìkíni ni. Ìyàwó rẹ̀ ní òun á gúnyán. Kí o tó jẹ nínú iyán náà ni kí o sọ ọ́. Sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kò ṣìnà. Sọ fún un ẹni tí ó dá a padà lójú ọ̀nà. Bí ó bá lé ọ jáde, jáde. Ilé mi kò jìnnà, n óò wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí o kò bá sì wá, èmi ni n óò lọ jókòó sídìí iyán náà, n óò sì dárúkọ ọmọ mi fún un.

Èmi tí mo tọ́ ọ, tí n kò sì tíì kọ̀ ọ́,

Ìyá rẹ àgbà.